Ibi Tí Bébà Ti Ṣẹ́ Po Ni Ẹ̀kọ́ Wà

Ọmọ tó bá ti jókòó ti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pọ́n ẹ̀kọ mọ̀ pé ewé kì í gbà kí èèyàn ká òun bó ṣe wù ú. Ewé ní ọ̀nà tó ń gbà ṣẹ́ po, ó sì ní ibi tó ti máa ya bí èèyàn bá fi agídí ká a. Ọmọ yẹn ti mọ nǹkan kan nípa fọ́nrán inú ewé kí olùkọ́ kankan tó kọ ọ́ sójú pátákó. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bébà kíká yẹ ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì wa: ọwọ́ ọmọ ti mọ̀ ọ́n kí ẹnu rẹ̀ tó lè sọ ọ́.

Bébà kíká ti ń wọ àwọn iléèwé l'Ékòó, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Yábàá, ní Ṣómólú. Ara ògiri kíláàsì la sábà máa ń rí i: káàdìbọ́ọ̀dù pupa, etí rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, wọ́n kọ orúkọ nǹkan sójú, wọ́n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sábẹ́. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ ká bi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: bí a bá tú ìṣẹ́po yẹn, tí a kọ ọ̀rọ̀ kan náà sójú bébà gbalasa, kí ló máa sọnù nínú ẹ̀kọ́ náà? Bí kò bá sí ohun tó sọnù, ọ̀ṣọ́ ni. A sì ti fi ìṣẹ́jú 15 nínú 40 gé ọ̀ṣọ́. Bébà kíká tó ń kọ́ni ni èyí tí ìṣẹ́po rẹ̀ ń ṣe ohun tí nǹkan tí à ń kọ́ gan-an ń ṣe: bí nǹkan náà bá wà ní ìpele, kí bébà wà ní ìpele; bó bá ń yí po, kí bébà yí po; bó bá jẹ́ pé ìká rẹ̀ ló fún un lágbára, kí ọmọ fọwọ́ kan agbára yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú inú ilẹ̀ ayé. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò fún un ni ìwé alátẹ̀gùn. Bébà A4 méjì ni. A fi ọ̀kan lé èkejì, a fa ti òkè sókè kí ẹsẹ̀ ti ìsàlẹ̀ yọ ní sẹ̀ǹtímítà 2, lẹ́yìn náà a ṣẹ́ orí àwọn méjèèjì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Etí mẹ́rin á tò bí àtẹ̀gùn. Kí àtẹ̀gùn náà tó dọ́gba, ojú ìṣẹ́po gbọ́dọ̀ bọ́ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17.8 sí ẹsẹ̀ bébà ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi pẹ́ńsùlù sàmì síbẹ̀ ní apá ọ̀tún àti apá òsì kí wọ́n tó ká a. Lẹ́yìn náà, pín-ín sitépílà méjì ní ojú ìṣẹ́po. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ á ká bébà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, á wá ki ọ̀kan bọnú èkejì. Ìlà ìṣẹ́po méjèèjì kò ní bára mu, ìwé náà á sì wọ́ sápá kan. Ìdí tí a fi ń ká wọn pọ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé àtẹ̀gùn mẹ́rin tó dọ́gba ń parọ́. Ọmọ tó bá kọ èèpo ilẹ̀ sí ọ̀kan, mantle (ìpele tó wà láàárín èèpo ilẹ̀ àti kókó) sí ìkejì, kókó ìta sí ìkẹta, kókó inú sí ìkẹrin, tí gbogbo wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, yóò gbà pé bákan náà ni wọ́n nípọn. Irọ́ gbáà ni. Èèpo ilẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 5 lọ lábẹ́ òkun ní ibòmíràn, ó sì lè tó 70 lábẹ́ àwọn òkè ńláńlá. Mantle nípọn tó kìlómítà 2,900. Kókó ìta, tó jẹ́ irin yíyọ́, ń lọ sí 2,300. Kókó inú, tó jẹ́ irin líle, nǹkan bíi 1,200 ni láti etí rẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún kìlómítà 1,000, kí ẹ sì tún ìwé náà ká. Ẹ fa bébà òkè sókè ní 2.9 dípò 2. Ẹ ṣẹ́ wọn po ní 18.9 sí ẹsẹ̀ bébà ìsàlẹ̀. Àlàfo àárín yóò jẹ́ 2.3. Ẹ wá gé 1.7 kúrò ní ẹsẹ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí 1.2 ṣẹ́ kù. Etí mẹ́ta tó kù lẹ́yìn ojú ìwé ti di kókó inú, kókó ìta àti mantle, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe nípọn gan-an. Èèpo ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ fa ìlà báírò kan sí etí ewé iwájú. Òun nìyẹn. Gbogbo ilé gogoro Ọ̀nà Marina, gbogbo òkun tó ń bì lu etíkun wa, gbogbo òkè tó wà láyé, orí ìlà báírò ni wọ́n dúró lé. Ihò tó jìn jù tí ọmọ aráyé tíì gbẹ́ ni èyí tó wà ní Kola, ní Rọ́ṣíà, tó lé díẹ̀ ní kìlómítà 12. Lórí ìwé wa, jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìnípọn bébà A4 kan lọ. Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là di bébà kan mú kí wọ́n mọ bó ṣe tín-ín-rín tó. Àwòrán inú ìwé ẹ̀kọ́ kò lè ṣe èyí, torí pé ẹni tó yà á nílò àyè láti kọ ọ̀rọ̀ sínú èèpo náà.

Kí a tó lọ jìnnà, bébà fúnra rẹ̀ ní ìwà. A4 jẹ́ mìlímítà 210 sí 297. Oníwọ̀n 80 (ìyẹn gíráàmù 80 fún mítà kan níbùú lóòró) tí à ń rà ní rímù wúwo gíráàmù 5 níkọ̀ọ̀kan, ó sì nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 0.1. Wọ́n yan ìwọ̀n yìí kó lè jẹ́ pé, bí a bá ṣẹ́ ẹ sí méjì, ìrísí ìdajì kò ní yàtọ̀ sí ti odindi. Ìdí nìyẹn tí A5 fi jọ A4, tí A6 sì jọ A5. Fọ́nrán igi ló wà nínú bébà, ẹ̀rọ tó ṣe é sì ti to èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí ìhà kan. Bí a bá ṣẹ́ ẹ po tọ̀ ọ́ lọ, á mú kedere. Bí a bá ṣẹ́ ẹ po lòdì sí i, á le, ojú rẹ̀ á sì máa bó, pàápàá bí ó bá jẹ́ káàdì tó nípọn. Láti mọ ìhà tí fọ́nrán kọjú sí, ẹ tẹ bébà náà díẹ̀ láìjẹ́ kó ṣẹ́, lóòró, lẹ́yìn náà níbùú. Ìhà tó bá rọ̀ jù ni ìlà ìtẹ̀ rẹ̀ ń bá fọ́nrán lọ. Ọmọ tó ti pọ́n ẹ̀kọ rí á mọ̀ ọ́n kíákíá.

Olùkọ́ tó wà lórí ilẹ̀ Èkó ní àǹfààní kan tí kò yẹ kó fi tàfàlà. Ní Ṣómólú, níbi tí àwọn tó ń tẹ̀wé pọ̀ sí, bébà àti káàdì tí wọ́n gé kù máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Káàdì oníwọ̀n 160 sí 250 ló dáa jù fún ohun tó máa yí tàbí tó máa dúró. Ẹ mú rúlà lọ́wọ́, nítorí ègé tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ níbẹ̀, èyí tó bá sì kéré sí sẹ̀ǹtímítà 14 ní ìbú kò ní gba àgbá, ìyẹn káàdì róbótó tó ń yí, tí a máa gé láìpẹ́. Ẹ béèrè èyí tí wọn kò tíì kùn ní ọ̀dà dídán lójú méjèèjì. Báírò kì í mú lára èyí tí wọ́n ti kùn, gọ́ọ̀mù kì í sì dì í mú.

Ẹ̀fọn ni mo fẹ́ kí a sọ tẹ̀ lé e, torí pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ìṣẹ́po tí kò bá ẹ̀kọ́ mu jù. Ìwé kékeré olójú mẹ́jọ tí à ń fi A4 kan ṣe gbajúmọ̀: ṣẹ́ ẹ sí mẹ́jọ, gé àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ojú ìṣẹ́po dé ìlà tó tẹ̀ lé e, tì í wọlé, ó di ìwé. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ìgbésí ayé ẹ̀fọn sínú rẹ̀, ẹyin ní ojú kìíní, ẹ̀fọn tó ń fò ní ojú tó gbẹ̀yìn, ìwé náà ti parí, ọmọ náà sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìgbésí ayé ẹ̀fọn kì í parí síbẹ̀. Àgbá ló yẹ ẹ́.

Káàdì A4 kan ń gba àgbá méjì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 14 rẹ́gí, torí pé 28 kò tó 29.7. Ọmọrí ike tó bá ìwọ̀n yẹn mu ni kí wọ́n fi fa ìlà yí po. Láti rí àárín, wọn kò nílò kọ́ńpáàsì: kí wọ́n ṣẹ́ àgbá náà sí méjì, kí wọ́n tún ṣẹ́ ẹ sí méjì, ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àárín, ìdá mẹ́rin sì ti hàn lójú rẹ̀. Ní àgbá òkè, kí wọ́n gé fèrèsé sí ìdá kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi mìlímítà 5 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa yọjú. Okùn tó nípọn díẹ̀ tí wọ́n kì bọ ihò àárín, tí wọ́n ta kókó rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, sàn ju pín-ín-nì lọ nínú kíláàsì ọmọ 60, torí kì í gún ẹnikẹ́ni. Bí ihò bá yẹ̀ kúrò láàárín ní mìlímítà 3 péré, fèrèsé á máa rìn gbéregbère. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyẹn, ohun tó sì ń fà á ni pé wọ́n fi ojú lásán wá àárín dípò kí wọ́n ká a.

Ohun tó wà lábẹ́ fèrèsé yẹ kó jẹ́ ohun tí ọmọ lè lọ wò nínú gọ́tà. Ẹyin ẹ̀fọn Anopheles máa ń wà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú omi. Ti Culex, irú ẹ̀fọn mìíràn, máa ń so pọ̀ bí ọkọ̀ kékeré. Tanwíjí Anopheles á dùbúlẹ̀ gbọrọ lójú omi, ti Culex á so rọ̀, orí rẹ̀ á kọ ìsàlẹ̀. Ìpele tó tẹ̀ lé tanwíjí kì í jẹun, síbẹ̀ ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ bí nǹkan bá dà á láàmú. Láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó ń fò, nǹkan bíi ọjọ́ 10 sí 14 ni ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Bí ọmọ bá yí àgbá náà dé ẹ̀fọn tó dàgbà, tó tún yí i díẹ̀, ẹyin ló máa bá. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà: ẹni tó bá da omi inú táyà tó wà lẹ́yìnkùlé nù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ti já àgbá yẹn kí tanwíjí tó rí àyè dàgbà.

Ní ti agbára àti ìrísí nǹkan, kò sí ohun tó dùn ún kọ́ tó afárá bébà. Ẹ to ìwé sí ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n ga dọ́gba, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 20 wà láàárín. Ẹ tẹ́ A4 lé e lóòró: ó tẹ̀, kò sì lè gbé ìrésà. Ẹ wá ká bébà kan náà bí abẹ̀bẹ̀, kí ìlà rẹ̀ máa lọ lóòró. Ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n; ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di 8, ẹ wá tú u, kí ẹ ṣẹ́ apá kọ̀ọ̀kan sí méjì lọ́tọ̀, ó di 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.3. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra láìtú u, ìlà kò ní dọ́gba: ewé 8 ti wà lórí ara wọn, èyí tó wà níta sì ní láti rìn yí èyí tó wà nínú po, ọ̀nà tirẹ̀ gùn ju. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e padà sórí àlàfo, kí ẹ máa to báírò lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú àwọn ọmọ á là.

Kí wọ́n ká òmíràn kí ìlà rẹ̀ lọ níbùú. Yóò wó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bébà kan náà, ìká kan náà, ìhà tó kọjú sí nìkan ló yàtọ̀. Ìgbà yẹn ni kí olùkọ́ tó béèrè nípa páànù orí ilé: kí ló dé tí ó ń lọ sókè sódò, kí sì ló dé tí káfíńtà kì í fi igi òrùlé bá ìlà rẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ó máa ń fi dábùú rẹ̀? Kí wọ́n tún wo gèlè tó dúró gìdìgbà lórí ìyá kan ní ọjọ́ ayẹyẹ. Ìká ló gbé e dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ ìdí rẹ̀, kí wọ́n gbé rúlà onípákó kalẹ̀ ní àtẹ́lẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wá fi etí gbé e dúró, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Bí nǹkan bá ṣe ga tó ní ìhà tí ẹrù ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣòro tó láti tẹ̀.

Kẹ́mísìrì ni àwọn olùkọ́ máa ń sọ pé kò sí ohun tí bébà lè ṣe fún. Mo yàtọ̀ sí wọn pátápátá. Nínú ìwé, wọ́n máa ń ya methane, irú gáàsì kan, pẹrẹsẹ: káábọ̀n láàárín, háídírójìn mẹ́rin lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, igun àárín wọn jẹ́ dígírì 90. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ẹ́ńfílópù gígùn, mìlímítà 110 sí 220, irú èyí tí à ń fi owó sí níbi ìnáwó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 9.5 láti ẹ̀gbẹ́ kúkurú rẹ̀, kí ẹ sàmì kan sí àárín ibẹ̀, kí ẹ sì gé e níbùú gba ojú àmì náà. Ẹ ṣẹ́ ẹ po láti àmì yẹn dé igun kọ̀ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀, síwájú àti sẹ́yìn, kí ìlà náà rọ̀ dáadáa. Ẹ wá la ẹnu ẹ́ńfílópù náà, kí ẹ fà á ní ìdàkejì, kí ẹ fi sẹlótéèpù pa á dé. Ó di ohun onígun mẹ́rin tí gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta tó dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ kejì ẹ́ńfílópù náà á fún yín ní òmíràn, nítorí náà ẹ́ńfílópù 30 tó ọmọ 60.

Háídírójìn wà ní orí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, káábọ̀n wà láàárín gbùngbùn inú rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Igun láti háídírójìn kan gba ara káábọ̀n dé òmíràn jẹ́ dígírì 109.5. Ẹ ṣọ́ra níbí: ọmọ á gbé ohun ìwọ̀n igun lé ojú bébà, á rí 60, á kọ 60 sílẹ̀. Igun ojú bébà ló wọ̀n, kì í ṣe ti káábọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àṣìṣe náà, kí ẹ sì bi wọ́n pé ibo ni káábọ̀n wà.

Bébà kíká kì í ṣe ohun ọmọdé nìkan. Ní 2014, Manu Prakash àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ṣe àlàyé maikirosíkópù tí wọ́n ń fi bébà ká, Foldscope. Ìká yẹn ló ń mú dígí kékeré àti ohun tí à ń wò bára mu. Ìká kan tí Koryo Miura ará Japan ṣe àwárí rẹ̀ ni wọ́n sì fi tẹ́ pátákó tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn lára ọkọ̀ kan tí Japan rán lọ sí gbalasa òfuurufú ní 1995.

Nípa sísọ́ọ̀sì: kì í tó. Èyí tó bá lè ṣeé ṣe láìsí gígé, ẹ má gé e. Fún ìlà tó gùn, ẹ ṣẹ́ ẹ po síwájú, ẹ ṣẹ́ ẹ po sẹ́yìn, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ fi ìka tútù fà á kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fà á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Ṣítáàṣì tí a fi gaàrí tàbí lábú sè máa ń lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ń mú bébà wú. Ẹ fi sí ojú ẹ̀yìn nìkan, ní ìlà tín-ín-rín, kí ẹ fi ìwé tẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Ní ìgbà òjò, bébà tó wà ní kíláàsì nítòsí ọ̀sà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, á sì rọ̀. Ẹ má ṣí rímù tuntun títí di ọjọ́ tí ẹ máa lò ó. Fún àwọn tó ń múra fún WAEC, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kun àwòrán ní àwọ̀. Pẹ́ńsùlù mímú, ìlà kedere, láìsí òjìji, ìlà ìtọ́ka tí wọ́n fi rúlà fà. Ìdánwò kì í gba òmíràn.

Ohun kan kù tó ṣe pàtàkì ju gígé àti lílẹ̀ lọ. Bí olùkọ́ bá jẹ́ kí àwọn ọmọ da ohun tó wà lójú pátákó kọ sábẹ́ etí bébà, ìká náà kò ṣiṣẹ́. Kí ìbéèrè wà lójú, kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n bá dé, kí wọ́n kọ ìdáhùn láìwo ìwé kankan, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó fi báírò pupa tún un ṣe. Wíwá ìdáhùn nínú orí ara ẹni ló ń jẹ́ kó dúró.

Ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n sì kọ ohun tí bébà náà kò sọ: ayé kì í ṣe pẹrẹsẹ bí ìwé alátẹ̀gùn, ẹyin ẹ̀fọn kì í dúró pẹ́ tó tanwíjí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá mẹ́rin tó dọ́gba mú kó dà bẹ́ẹ̀, kò sí ògiri láàárín háídírójìn kan àti èkejì.